Orúkọ Tí Ẹnu Ń Kọ̀: Ìtàn Àrùn Ìsọdọ̀lẹ Àjẹsára àti Ìtìjú Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yìn ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni Ajíbọ́dẹ wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Abúlé àgbẹ̀ ni kí yunifásítì tó wá fi ìdí múlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Lónìí, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ti dàpọ̀ mọ́ ilé àwọn ọmọ onílẹ̀, oko ẹ̀gẹ́ àti ti àgbàdo sì ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ lè rin ọ̀nà tí ó wà láàárín abúlé àti yunifásítì láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó mú kí àwọn méjèèjì jìnnà sí ara wọn bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀.

Ní ìhà kan, àwọn onímọ̀ ti fi orúkọ Ìbàdàn sọ irú kan nínú kòkòrò tí ń fa àrùn ìsọdọ̀lẹ àjẹsára, orúkọ náà sì wà nínú ìwé ìmọ̀ káàkiri àgbáyé. Ní ìhà kejì, ní àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹnu kì í fẹ́ pe àrùn kan náà. Wọn a ní “àìsàn yẹn”. Wọn a ní “ó ń ṣe é bí ó ṣe ń ṣe wọ́n”. Tàbí kí wọ́n mi orí, kí wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà. Báwo ni ohun tí wọ́n fi orúkọ ìlú ẹni pè ṣe di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè dárúkọ nínú ilé ara rẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú ìtàn. Ìtàn náà kì í sì í ṣe ti àrùn nìkan. Ìtàn orúkọ ni, ìtàn ìdákẹ́ ni, ìtàn àwọn tí wọ́n kọ̀ láti dákẹ́ ni pẹ̀lú.

ÀWỌN ÀRÙN TÍ Ó ṢÁÁJÚ

Ìdákẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ lórí àrùn yìí. Nígbà tí ìgbóná ń jà ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn kì í dárúkọ Ṣọ̀pọ̀nná bẹ́ẹ̀ lásán. Ọba ni wọ́n ń pè é, tàbí Olóde, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná. Ìbẹ̀rù ni ó bí àdàpè náà. Ẹni tí ìgbóná bá pa, àwọn ará ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀. Àwọn àwòrò òrìṣà náà ni í sin ín, àwọn náà ni í sì í kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ní ìkẹyìn, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ṣẹ́gun àrùn náà. Ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní in ní Nàìjíríà, ọdún 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò ní gbogbo ayé. Àdàpè kọ́ ni ó lé e lọ.

Ẹ̀tẹ̀ ni ó kọ́ àwọn baba wa ní ẹ̀kọ́ kejì. Adẹ́tẹ̀ kì í bá ará ilé fọwọ́ bọ àwo kan náà. Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ń kọ́ ahéré fún un. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ọwọ́ sí àpapọ̀ oògùn tí ń wo ẹ̀tẹ̀ sàn pátápátá. Ara ẹni náà a yá, ṣùgbọ́n orúkọ kì í yá. Ẹni tí kò ní ẹyọ kòkòrò kan nínú ara mọ́ ṣì ń jẹ́ adẹ́tẹ̀ lẹ́nu àwọn aládùúgbò, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa jẹ́ ọmọ adẹ́tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá aya àti ọkọ.

Ìtàn méjèèjì yìí fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni àrùn, ọ̀tọ̀ ni ìtìjú tí wọ́n so mọ́ ọn. Oògùn a máa wo ọ̀kan. Èkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó dá a sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni yóò wò ó. Ẹni tí kò bá fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn kò ní mọ ìdí tí àrùn ìsọdọ̀lẹ àjẹsára fi ń pa ènìyàn ní ilẹ̀ wa lẹ́yìn tí oògùn rẹ̀ ti dé.

BÍ ÀRÙN ṢE DÉ, ÀTI ORÚKỌ TÍ WỌ́N SỌ Ọ́

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1981, àwọn tí ń mójú tó àrùn ní Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀dọ́kùnrin 5 ní Los Angeles ní irú àrùn ẹ̀dọ̀fóró kan tí kì í sábà mú ẹni tí ara rẹ̀ le. Ní ọdún 1983, Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Institut Pasteur ní Paris rí kòkòrò tí ó fà á. Ní ọdún 1985 ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un jáde, ní ọdún 1986 sì ni wọ́n fi ẹnu kò láti máa pe kòkòrò náà ní HIV. Ní Nàìjíríà, ọdún 1985 ni wọ́n rí ẹni 2 àkọ́kọ́, ìròyìn wọn sì di mímọ̀ ní ọdún 1986. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún 13.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń ti àrùn náà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ní Nàìjíríà ní àrùn òyìnbó ni. Ọ̀pọ̀ ní Yúróòpù ní àrùn aláwọ̀ dúdú ni. Ará ìlú ní ti àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni, ọkọ ní ti àwọn obìnrin òde ni. Kò sí ẹni tí ó gbà pé ó lè wọ iyàrá òun. Àrùn tí gbogbo ènìyàn bá ti kà sí ti àlejò, nínú ilé ni í ti í gbilẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n sọ àrùn yìí lórúkọ kí wọ́n tó wo ilé. Orúkọ mẹ́ta ni ó gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá, ìyàtọ̀ tí ó sì wà láàárín wọn kò kéré.

Èkíní ni Éèdì. Orúkọ òyìnbó ni ó yí sí èdè wa lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ń lo ọ̀rọ̀ kan tí ó fi ohùn jọ ọ́. Bí ènìyàn bá ń ṣe ohun tí yóò pa á lára tí kò sì mọ̀, wọn a ní èèdì ni ó ń dì í. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ka ìwé gbọ́ orúkọ àrùn, ó sì gbọ́ èèdì àti àsàsí nínú rẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kọ́kọ́ wá ọ̀tá tí ó sà sí wọn kí wọ́n tó wá dókítà.

Èkejì ni àrùn kògbóògùn. Ní ọdún 1986, kò sí irọ́ nínú orúkọ yìí. Kò sí oògùn kan tí ó ń dá àrùn náà dúró nígbà náà. Ṣùgbọ́n orúkọ náà sọ ju ohun tí ojú rí lọ. Ó sọ fún aláìsàn pé kí ó má wulẹ̀ wá ìwòsàn. Ó sọ fún ará ilé pé owó tí wọ́n bá ná lé e lórí ti ṣòfò. Nígbà tí oògùn dé, orúkọ kò yí padà. Títí di ìgbà tí a wà yìí, a ṣì ń gbọ́ ọ lórí rédíò, a sì ń kà á nínú ìwé ìròyìn.

Ẹ̀kẹta ni àrùn ìsọdọ̀lẹ àjẹsára. Orúkọ yìí gùn, ẹnu kì í sì í fẹ́ pè é tán. Síbẹ̀, òun nìkan ni ó ń kọ́ni ní nǹkan. Ní àtijọ́, àjẹsára ni oògùn tí ọdẹ àti jagunjagun ń jẹ sí ara kí ibi má baà ràn wọ́n. Àwọn onímọ̀ èdè mú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì lò ó fún agbára tí Ọlọ́run dá mọ́ ara láti bá àìsàn jà. Kòkòrò HIV a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì máa sọ agbára yìí di ọ̀lẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ìgbẹ́ gbuuru lásán yóò fi gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ nípa àrùn náà wà nínú orúkọ kan ṣoṣo, láìsí èpè, láìsí ẹ̀sùn. Orúkọ tí ó dẹ́rù bani ni ará ìlú mú. Èyí tí ó ń làni lóye ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìwé.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn onímọ̀ ń ṣe iṣẹ́ tiwọn ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1994, ìwé ìmọ̀ kan jáde tí Ọ̀jọ̀gbọ́n D. O. Olaleye ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nínú àwọn tí ó kọ ọ́. Ó ṣàpèjúwe irú HIV kan tí ó ti Ìbàdàn wá, tí kò bá àwọn tí ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dọ́gba. IbNG ni wọ́n pè é: Ib dúró fún Ìbàdàn, NG dúró fún Nàìjíríà. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí i pé àdàlù irú A àti irú G ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní CRF02_AG. Òun ni ó wọ́pọ̀ jùlọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Èyí kò túmọ̀ sí pé Ìbàdàn ni àrùn náà ti ṣẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ní Ìbàdàn ni àwọn kan ti jókòó tì í, tí wọ́n wò ó dáradára, tí wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ sókè. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni.

IBOJÌ ÀTI ỌWỌ́ BÍBỌ̀

Ní ọdún 1987, àwòrán méjì jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì yẹ fún àgbéyẹ̀wò olùkọ́ gbogbo. Èkíní ni ti ìpolówó ìjọba. Òkúta ibojì ńlá kan ni wọ́n fi hàn, tí wọ́n gbẹ́ orúkọ àrùn náà sí lára, wọ́n sì kó ìwé pélébé ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ní ilẹ̀ náà. Èkejì kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, Diana, aya àrólé ọba, ṣí iyàrá ìtọ́jú kan ní Middlesex Hospital ní London, ó sì bọ aláìsàn kan lọ́wọ́ láìwọ ìbọ̀wọ́. Gbogbo ayé ni ó rí i.

Ibojì kọ́ àwọn ènìyàn láti bẹ̀rù. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn tí kò tí ì gbọ́ nípa àrùn náà gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ibojì kò lè sọ ohun tí kò ní ran ènìyàn. Ọwọ́ bíbọ̀ ni ó sọ ìyẹn. Ó sọ fún ayé, láìla ẹnu, pé kòkòrò HIV kì í ti ara ọwọ́ bíbọ̀ wọlé, tàbí àwo tí a jùmọ̀ lò, tàbí àga tí ẹlòmíràn jókòó sí, tàbí ẹ̀fọn. Ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé kò pọ̀: ìbálòpọ̀ láìsí ìdáàbòbò, ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò yẹ̀ wò kí wọ́n tó fà á sí ènìyàn lára, abẹ́rẹ́ àti abẹ tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà lára rẹ̀, àti láti ara ìyá sí ọmọ nínú oyún, nígbà ìbí tàbí nínú ọmú.

Ìbàdàn ni wọ́n ti dá tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Áfríkà dúdú sílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ibojì ni Nàìjíríà náà kọ́kọ́ fi kọ́ni ju ọwọ́ bíbọ̀ lọ. Ó di ìparí àwọn ọdún 1990 kí eré bí “I Need to Know” tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n ti í bá àbúrò sọ̀rọ̀, ó sì di ọdún 2007 kí “Wetin Dey” tó tẹ̀lé e. Láàárín ìgbà náà, ọmọdé tí wọ́n fi àwòrán agbárí òkú kọ́ ti dàgbà, ó ti di nọ́ọ̀sì, ó ti di onílé, ó ti di ọ̀gá iṣẹ́. Ohun tí ó kọ́ ní ìgbà èwe ni ó fi ń lé ènìyàn jáde.

Yorùbá ní ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọfà ni wọ́n yọ. Kì í sì í ṣe àrùn ni ó bà, aláìsàn ni.

Ẹ̀GBỌ́N TÍ Ó SỌ ÒTÍTỌ́

Àrùn náà ń gorí òkè ní gbogbo ìgbà yìí. Ní ọdún 1991, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aboyún wò ní ilé ìwòsàn láti mọ bí àrùn ti tàn tó, ó jẹ́ 1.8 nínú 100. Ní ọdún 1999, ó ti di 5.4. Ní ọdún 2001, ó dé 5.8, èyí tí ó ga jùlọ nínú gbogbo ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gba ìkéde ikú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ́, kò sí ẹyọ ènìyàn kan tí àrùn náà pa. Àìsàn ránpẹ́ ni gbogbo wọn fi lọ.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní Èkó, ní ẹni ọdún 58. Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ náà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, pe àwọn oníròyìn jọ. Dókítà àwọn ọmọdé ni. Òun ni ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1993, ní àwọn ọdún tí àrùn náà ń wọ Nàìjíríà. Ó lè sọ pé ọkàn àbúrò òun ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ó sọ ohun tí ó mú kí ọkàn náà dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó sọ pé àrùn ìsọdọ̀lẹ àjẹsára ni.

Kí ènìyàn tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó, ó yẹ kí ó rántí irú ilé tí ó ti jáde. Ọmọ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti ni wọ́n, olùkọ́ ńlá ní Abẹ́òkúta. Ìyá wọn ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti tako owó orí. Dókítà ni Béékò, àbúrò Olíkóyè mìíràn, tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n ìjọba ológun ní àkókò náà. Ilé tí ó ní orúkọ láti dáàbò bò ni. Ní ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń ní “ikú yá ju ẹ̀sín lọ”, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìdákẹ́ rọrùn fún jùlọ.

Àwọn kan bínú. Àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n tú àṣírí àbúrò lẹ́yìn ikú. Ìjiyàn yìí tọ́ sí kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e yẹ̀ wò, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àṣà wa fi ọ̀wọ̀ fún òkú. Àṣírí aláìsàn sì jẹ́ ohun tí dókítà búra láti pa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà láàyè ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó tò lọ wo òkú náà ní pápá Tafawa Balewa, tí wọ́n sì tẹ̀lé e la ìgboro Èkó kọjá. Lára wọn ni ọ̀pọ̀ ti gbọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, láti ẹnu ẹni tí kò ní èrè nínú irọ́, pé àrùn òyìnbó wà ní ilé Yorùbá.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1989, Philly Lutaaya, olórin Uganda, sọ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé òun ní àrùn náà, ó sì lọ láti ilé ẹ̀kọ́ dé ilé ìjọsìn, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ní ọdún 2005, Nelson Mandela kéde ikú ọmọ rẹ̀, Makgatho, ó sì pe àrùn tí ó pa á lórúkọ. Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ọ̀kan sọ ti ara rẹ̀, ọ̀kan sọ ti àbúrò, ọ̀kan sọ ti ọmọ. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe: wọ́n mú àrùn náà kúrò lọ́wọ́ àlejò, wọ́n sì gbé e wọ inú ilé wá, níbi tí wọ́n ti lè rí i bá jà.

ẸJỌ́, OÒGÙN ÀTI ÒFIN

Ẹni tí ó ní orúkọ ńlá lè sọ̀rọ̀ kí ó sì lọ sùn. Ti ẹni tí kò ní orúkọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1995, wọ́n lé obìnrin kan tí ó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ní ọdún 2000, ó pe ẹjọ́. Ní ọdún 2001, adájọ́ kọ̀ kí ó wọ inú kóòtù wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àfi bí onímọ̀ ìṣègùn bá kọ́kọ́ wá fi yé ilé-ẹjọ́ pé kò ní kó àrùn ran ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Nígbà náà, ayé ti mọ̀ fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ pé kòkòrò náà kì í gba inú afẹ́fẹ́. Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2012 kí ilé-ẹjọ́ gíga Èkó tó dá a láre, tí ó ní lílé tí wọ́n lé e àti àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe láìgba ìyọ̀ǹda kò bá òfin mu, tí ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n san mílíọ̀nù 7 náírà fún un. Ọdún 17 ni ó fi dúró.

Yínká Jẹ́gẹ́dẹ́-Ekpe wà ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí ó mọ̀ pé HIV wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Ó wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí ó sọ ọ́ ní gbangba ní Nàìjíríà, ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ó ní HIV sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Reebok fún ìjà ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ní ọdún 2004. Irú àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó la ọ̀nà fún òfin. Òfin tí ó ka yíya àwọn tí ó ní HIV sọ́tọ̀ léèwọ̀ jáde ní ọdún 2014. Gẹ́gẹ́ bí òfin náà, agbanisíṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ sọ pé àfi kí ènìyàn fi èsì àyẹ̀wò HIV hàn kí wọ́n tó gbà á, kò sì gbọdọ̀ lé e nítorí rẹ̀.

Ní ti oògùn, èyí àkọ́kọ́, AZT, jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ní ọdún 1996 ni wọ́n rí i pé bí wọ́n bá pa oògùn mẹ́ta pọ̀, kòkòrò náà kò ní lè gbérí. Owó rẹ̀ ga ju agbára Áfríkà lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí Áfríkà pé jọ sí Àbújá lórí àrùn náà, ní ọdún 2002 sì ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò oògùn fún àgbàlagbà 10,000 àti ọmọdé 5,000. 1,000 náírà ni aláìsàn ń san lóṣù. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń fún ni ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba.

Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 yàtọ̀ sí ìṣirò ti ilé ìwòsàn aboyún, nítorí pé ojúlé dé ojúlé ni wọ́n lọ. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ aboyún nìkan. Ó fi hàn pé láàárín àwọn ẹni ọdún 15 sí 49, 1.4 nínú 100 ni ó ní kòkòrò náà, àti pé ó tó mílíọ̀nù 1.9 ènìyàn ní gbogbo Nàìjíríà. Láàárín àwọn obìnrin, ó jẹ́ 1.9 nínú 100. Láàárín àwọn ọkùnrin, 0.9. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ní in, obìnrin náà ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi jù. Nítorí pé ilé ìwòsàn aboyún ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ti kọ́kọ́ ń mọ̀, ẹni tí ó kọ́kọ́ mú ìròyìn wálé ni wọ́n ń kà sí ẹni tí ó mú àrùn wálé.

OHUN TÍ Ó KÙ

Ìmọ̀ ti lọ síwájú ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní PARTNER, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2016 àti 2019, tẹ̀lé àwọn olólùfẹ́ méjì-méjì tí ọ̀kan nínú wọn ní HIV tí èkejì kò ní. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó ní in ń lo oògùn déédéé, tí kòkòrò náà sì ti kéré dé ibi tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò lè rí i mọ́, kò ran èkejì rárá nípa ìbálòpọ̀. Ìyá tí ó ní in, tí ó sì ń lo oògùn, lè bí ọmọ tí kò ní in. Nítorí náà, ẹni tí ń gbé oògùn rẹ̀ mì lójoojúmọ́ kọ́ ni ó yẹ kí àdúgbò bẹ̀rù. Ẹni tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ni kò mọ ibi tí òun wà. Ẹ̀rù yẹn kì í sì í ṣe ti kòkòrò. Ti ènìyàn ni.

Níbi yìí ni ìtàn padà sí Ajíbọ́dẹ àti àwọn abúlé ẹgbẹ́ rẹ̀. Oògùn kì í ṣe owó mọ́, ibi ìgbàtọ́jú kò sì jìnnà bí ti ìṣáájú. Síbẹ̀, ní abúlé tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, ibi tí ó súnmọ́ jùlọ ni aláìsàn ń sá fún jùlọ. A máa wọ ọkọ̀ kọjá ilé ìwòsàn àdúgbò, a máa lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ọmọ ẹni tí òun í ṣe. Ní ọjọ́ tí kò bá ní owó ọkọ̀, oògùn a gé. Bí oògùn bá ń gé, kòkòrò náà a kọ́ ọgbọ́n, oògùn tí ó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọn aládùúgbò ṣe ń di ohun tí ó ń pa ènìyàn, bí wọn kò tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

Ìṣòro mìíràn tún yọjú ní oṣù kìíní ọdún 2025, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ìrànlọ́wọ́ tí ó ń fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dúró. Láti ọdún 2003 ni owó láti ọ̀dọ̀ wọn ti jẹ́ òpó ńlá nínú iṣẹ́ yìí ní Áfríkà. Ìdádúró náà rán Nàìjíríà létí pé ẹni tí ó bá gbé orí lé ẹrù ẹlẹ́rù kò mọ ọjọ́ tí olúwa rẹ̀ yóò gbé e. Owó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn aláṣẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí kò gba owó, tí ó sì wà lọ́wọ́ olùkọ́ ju bí ó ti wà lọ́wọ́ mínísítà lọ.

Iṣẹ́ náà ni ti orúkọ. Olùkọ́ tí ó bá kọ “àrùn kògbóògùn” sí ojú pátákó ní ọdún yìí ti kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ mọ́. Lóòótọ́, oògùn kò tí ì lé kòkòrò náà jáde pátápátá; ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, kò sì sí ẹni tí ń pe ìwọ̀nyẹn ní kògbóògùn. Olùkọ́ tí ó bá kọ “àrùn ìsọdọ̀lẹ àjẹsára”, tí ó sì tú orúkọ náà palẹ̀, ti kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: ibi tí àrùn ti ń jà, ìdí tí kì í fi í ṣe àsàsí, àti ìdí tí oògùn fi lè gbé àjẹsára tí ó ti di ọ̀lẹ dìde. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí yóò gbé e lọ sílé. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà nílé náà tí ń fi oògùn pamọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Fún ogójì ọdún ni ìtàn àrùn yìí ti ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ náà. Níbi tí àwọn onímọ̀ ti pe orúkọ rẹ̀, wọ́n rí ọgbọ́n. Níbi tí Olíkóyè ti pe orúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn là lójú. Níbi tí obìnrin tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ ti pe orúkọ rẹ̀ níwájú adájọ́, òfin tẹ̀lé e. Ọ̀nà tí ó ti yunifásítì lọ sí Ajíbọ́dẹ kò jìn. Ohun tí wọ́n ti mọ̀ ní ìhà ìhín fún ọgbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ tún lo ọgbọ̀n ọdún mìíràn kí ó tó dé agboolé ní ìhà ọ̀hún.